Ẹni Tó Dákẹ́, Tí Owó Rẹ̀ Kò Dákẹ́

Ní ilẹ̀ Jámánì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022, òfin ló ń sọ ohun tí wọn yóò kọ sára bọ́tìnnì kan. Ilé iṣẹ́ tó bá ń bá ènìyàn ṣe àdéhùn olówó oṣooṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnnì sí ibi tí ojú ti lè tètè rí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ibí ni wọ́n ti ń fòpin sí àdéhùn. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú ewé kan ni yóò ṣí. Yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti àdéhùn tó fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, yóò tẹ bọ́tìnnì kejì, ó parí. Kò sí pé kó pe nọ́ńbà kankan, kò sí pé kó wá máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tó ń fi ohùn dídùn bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yìí títí. Àwọn aṣòfin tí ọ̀rọ̀ ogun, owó orí àti iná mànàmáná wà níwájú wọn, kí ni wọ́n ń wá kiri nínú fóònù ènìyàn débi tí wọ́n fi jókòó pinnu ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tí yóò wà lára bọ́tìnnì? Òfin kì í déédéé yà síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ké. Àwọn tó ké níbí yìí, kò sẹ́ni tó ké nígbà tó ń wọlé nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ jáde ni wọ́n ké.

Nígbà kan, rírà ni à ń ra sọ́fútíwíà. Inú páálí ló ń wà pẹ̀lú díìsìkì rẹ̀; o sanwó, o gbé e relé, ó di tìẹ. (Kí n má purọ́, ọ̀pọ̀ wa tó ń lọ sí Computer Village n'Ìkejà kò fojú kan páálí yẹn rí. Díìsìkì tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí lára ni wọ́n ń tà fún wa. Ṣùgbọ́n èyí náà, tí o bá ti rà á, o ti rà á.) Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 ni Adobe, àwọn tó ni Photoshop, kéde pé Creative Suite 6 ni ìkẹyìn irú èyí tí ènìyàn lè rà lẹ́ẹ̀kan kó sì máa lò ó lọ, ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tẹ̀lé e, àfi kó máa san owó àsansílẹ̀. Àwọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ọdún 1999 ni wọ́n dá Salesforce sílẹ̀ lórí irú òwò bẹ́ẹ̀, Office 365 ti Microsoft sì dé ní 2011. Lónìí, orin, fíìmù, ibi tí à ń kó fọ́tò sí, ìwé ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ ti di ohun tí à ń san díẹ̀díẹ̀ láìmọ ọjọ́ tí yóò tán.

Ohun tó yí padà níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Bí ọjà bá jẹ́ rírà, ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á a ti dágbére fún ara wọn nídìí ìsọ̀. Nínú owó oṣooṣù, kò sẹ́ni tó dágbére. Òwò náà ń lọ lọ́wọ́ bí oníbàárà ti ń sùn. Ibi kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì sì ti ń pàdé ni ojú áàpù: ibẹ̀ ni ìsọ̀, ibẹ̀ ni akápò, ibẹ̀ náà ni ẹnu géètì. Ẹni tó ń ya ojú áàpù lè rò pé àwọ̀ àti lẹ́tà ni òun ń tò. Bí ẹni méjì tí wọn kò ní rí ara wọn láé yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń pinnu, àti bí ọ̀kan nínú wọn yóò ṣe lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Tàbí bí kò ṣe ní sọ nǹkan kan. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ayé tí wọ́n ti sọ ọ́, ìdákẹ́jẹ́ máa ń dá nǹkan dúró ni: ẹni tí kò béèrè kò ní rí gbà, ẹni tí kò ná ọjà kò sì ní sanwó ọjà. Púpọ̀ nínú òwò tí a mọ̀ ṣì rí bẹ́ẹ̀. Láti 2001 tí GSM ti dé, bí mi ò bá ra káàdì kí n ha á, fóònù mi kò lè pe ẹnikẹ́ni. DStv náà ńkọ́? Ẹni tí kò bá san tirẹ̀, E16 ni yóò rí lójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń sọ pé, "Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Àdéhùn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù ti dojú òwe yẹn délẹ̀. Ẹni náà dákẹ́, tirẹ̀ kò bá a dákẹ́. Oṣù wọlé, wọ́n yọ owó. Oṣù mìíràn wọlé, wọ́n tún yọ ọ́, nítorí pé kò wí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó lè mú ènìyàn dákẹ́ pọ̀. Ó lè jẹ́ pé nǹkan náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbàgbé. Ó lè wà ní ọsibítù. Ó lè ti kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má mọ páásíwọ́ọ̀dù. Álẹ́ẹ̀tì báńkì lè ti wọlé láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn mìíràn ya lé e lórí. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Nínú gbogbo ìtumọ̀ tó lè ní, èyí tó ń mówó wọlé nìkan ni àdéhùn náà mọ̀ ọ́n kà.

A tilẹ̀ ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé níbí. Àwọn kan jí, wọ́n gbọ́ lẹ́nu ará pé orin ń kọ lórí nọ́ńbà wọn bí ènìyàn bá pè é, owó orin náà sì ti ń jáde nínú káàdì tí wọ́n ha sínú fóònù láti ìgbà wo? Wọn kò mọ̀. Nígbà tí ariwo àtẹ̀jíṣẹ́ àìpè àti irú nǹkan báwọ̀nyí pọ̀ jù, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ gba ènìyàn láàyè láti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ọdún 2016 nìyẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n tún ní kó wá sọ pé rárá.

Bí mo bá ń wá ibi tí sísan owó ní díẹ̀díẹ̀ ti ní ohùn nínú, ọ̀dọ̀ alájọ ni ọkàn mi máa ń lọ. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló ń dé ìsọ̀. Ìyá aláta yóò fa káàdì rẹ̀ yọ lábẹ́ àtẹ, káàdì pátákó tí etí rẹ̀ ti ká, tí epo ti kàn án lára. Àwọn ọjọ́ inú oṣù wà lára rẹ̀ ní àpótí àpótí. Ó fún alájọ lówó, alájọ sàmì sí àpótí ọjọ́ náà níṣojú rẹ̀, ó dá káàdì padà, ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìyókù di ti ìyá aláta. Lọ́jọ́ tí ọjà kò bá tà, yóò ní, "Alájọ, ó dọ̀la o," àpótí ọjọ́ náà a sì ṣófo. Mi ò sọ pé mímọ́ ni gbogbo alájọ. A mọ àwọn tó kó owó ọlọ́jà sá lọ. Káàdì yẹn ni mò ń wò. Lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó ni ìrántí wà. Kò sí sísan kan tí kò gba ojú rẹ̀ kọjá, tí kò sì gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé tí áàpù fi ń fi owó tí o ti san hàn ọ́. Níbo ló wà? Wọlé sí orúkọ rẹ, wá ibi ètò, wá ibi àkàǹtì, wá ibi owó, yí i wálẹ̀. Wọn kò fi í pamọ́ o, ẹnikẹ́ni kò lè ní wọ́n fi pamọ́. Wọ́n kàn gbé e sí ibi tí ẹni tí kò wá a kò ní gbà kọjá.

Ìjáde ńkọ́? Ọ̀kan wà tí ilé ẹjọ́ ti tú inú rẹ̀ síta, a lè wò ó dáadáa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, pe Amazon lẹ́jọ́ lórí Prime, ètò ọmọ ẹgbẹ́ olówó àsansílẹ̀ wọn. Ẹ̀sùn wọn ni pé bí ènìyàn bá ń rajà lọ́wọ́, títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ti tó láti sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, ojú ewé mẹ́rin ló máa là kọjá, yóò tẹ nǹkan ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọn yóò sì kó síwájú rẹ̀ pé kó mú nínú wọn. Ibì kan ń rán an létí gbogbo ohun tó ti ń gbádùn. Ibòmíràn ń gbé iye owó mìíràn kalẹ̀, bóyá èyí á bá a lára mu. Bí ó bá sì rò pé òun ti jáde, ó kù díẹ̀.

Nínú ilé iṣẹ́ náà, Iliad ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìjáde yìí, orúkọ ewì gígùn tí Homer kọ lórí ogun Troy. Orúkọ yìí ni mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kàwé, ó sì lè pàwàdà. Ó mọ̀ pé ogun tó gba ọdún mẹ́wàá ni. Aláìmọ̀kan kò lè sọ nǹkan lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí i ketekete, tó rẹ́rìn-ín, tó padà sídìí iṣẹ́ ni.

Síbẹ̀ mi ò gbà pé ìkà kan ló jókòó tó ya gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò rí bẹ́ẹ̀. Churn ni wọ́n ń pe iye àwọn oníbàárà tó ń lọ, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí lẹ́tà "máa lọ" ṣá díẹ̀. Wọ́n fi ti àtijọ́ han ìdajì àwọn oníbàárà, wọ́n fi tuntun han ìdajì kejì. Àwọn tó lọ nínú ìdajì kejì dín kù, nítorí náà tuntun ló yege. Oṣù mìíràn, ẹlòmíràn fi ìbéèrè kan kún un: ṣé ó dá ọ lójú? Òun náà yege. Kò sẹ́ni tó pinnu láti ti ènìyàn mọ́lé. Wọ́n kàn ń yege, yege, títí wọ́n fi dé Troy. Harry Brignull, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ti fún irú ojú áàpù bẹ́ẹ̀ lórúkọ láti 2010, dark patterns, ó sì ń kó àpẹẹrẹ wọn jọ fún gbogbo ayé wò. Orúkọ náà ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n bí a bá rí i. Ohun tó ń da ọkàn mi láàmú wà ṣáájú orúkọ.

Nọ́ńbà yẹn, ẹni tó lọ àti ẹni tó dúró nìkan ló mọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan náà débi pé kò lè ṣe kó má lò ó, ọ̀kan ni. Ẹni tó ti gbàgbé pé òun ní in, ọ̀kan ni. Owó tó ń wá láti ọwọ́ àwọn méjèèjì kò yàtọ̀, kò sì sí èyí tó ní àmì lójú. Ẹni tó bá wá ń ya ojú áàpù, tó fi nọ́ńbà náà ṣe olùkọ́ rẹ̀, tó ń ṣe ohun tó ń mú un wálẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́dún mélòó kan kò ní mọ̀ mọ́ bóyá ìfẹ́ ló kọ́ òun níṣẹ́ tàbí ìgbàgbé. Ìfẹ́ ṣòro láti dá sílẹ̀. Ó gba pé kí nǹkan dára. Ìgbàgbé rọrùn. O kàn ní láti má rán ènìyàn létí ni.

Àwọn kan gbìyànjú láti béèrè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Netflix ní àwọn yóò kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ti san odindi ọdún kan láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé láìwo nǹkan kan, àti àwọn tí wọn kò wò ó mọ́ fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Bí wọn kò bá fèsì, wọn yóò dáwọ́ gbígba owó wọn dúró. Wọ́n ní àwọn bẹ́ẹ̀ kò tó ìdajì ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà, nítorí náà ẹni tó bá ní ìpolówó lásán ni kò jayò pa. Slack náà, áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní ètò tó fi ń dá owó padà sí àkàǹtì ilé iṣẹ́ tó bá sanwó fún òṣìṣẹ́ tí kò lò ó mọ́. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé wọ́n yí ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́ padà. Oníbàárà dákẹ́ bó ṣe ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ti di "rárá."

Ṣé kí a wá ní bó ṣe yẹ kó rí níbi gbogbo nìyẹn? Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fọ́tò kò jẹ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021, òfin Google ni pé ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ju ààyè rẹ̀ lọ fún ọdún méjì, wọ́n lè pa ohun tó kó síbẹ̀ rẹ́. Ẹ ronú ohun tí àwa Yorùbá ń kó síbẹ̀: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú ìyá pẹ̀lú fídíò tí ẹ̀gbọ́n gbé wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ohùn bàbá tó ń súre fún ọmọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tó lè sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń san owó ibẹ̀ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, èmi á fẹ́ kí wọ́n ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sì máa yọ owó náà lọ. Níbí yìí, dídúró tí owó bá dúró ni ìkà.

Ilẹ̀kùn tó le gan-an náà kò burú níbi gbogbo. Lẹ́yìn tí obìnrin kan fi àwòrán kóló rẹ̀ sórí Twitter ní ìparí ọdún 2015, kóló onígi tó ti ń sọ ₦1,000 sí lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ kan l'Ékòó, Odunayo Eweniyi wà lára wọn, dá Piggybank.ng sílẹ̀ ní 2016, èyí tó ti di PiggyVest báyìí. Áàpù náà ń yọ owó lákàǹtì ènìyàn fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ mú kó nira láti kó owó náà jáde kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá fọ́ kóló láìtọ́jọ́, wọn yóò gé díẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń ka àwọn ohun tí Brignull kó jọ bá rí i láìmọ ohun tó wà fún, ó lè ní ìdẹkùn ni. Àwọn tó ń lò ó sì ń dúpẹ́. Líle ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n bá wá. Wọ́n mọ ara wọn ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù, wọ́n sì ti fi ẹnu ara wọn sọ lọ́jọ́ kìíní pé bí àwọn bá dé, kí wọ́n má ṣí i.

Nítorí náà kì í ṣe líle tàbí rírọrùn ilẹ̀kùn ló ń sọ irú ojú áàpù tó jẹ́. Mo ń béèrè ẹni tó ní kí ó le, ìgbà tó sọ ọ́, àti bóyá ó mọ̀ pé òun ń sọ ọ́.

Ẹ̀gbẹ́ mìíràn wà tí àwọn tó ń ya ojú wọ̀nyí ní San Francisco kì í sábà rí. Owó oṣooṣù gbà pé ènìyàn ní oṣù: pé owó wọlé fún un lọ́jọ́ kan tó dúró sójú kan, pé bí owó ìlú rẹ̀ ti rí ní oṣù Kìíní náà ni yóò rí ní oṣù Kejìlá. Ní 2022, àwọn báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù, títí dórí $20 lóṣù, kí ọ̀pọ̀ wọn tó dá a dúró pátápátá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 fò kọjá ₦750, nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ fojú inú wo ọmọ Ìbàdàn kan tó ń fi sọ́fútíwíà àsansílẹ̀ jẹun. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó kò kọjá, kó tún káàdì rẹ̀ yẹ̀ wò. Kò sí ohun tó ṣe káàdì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé: ó dùn wọ́n pé ó lọ, ṣé ó lè sọ ìdí rẹ̀? Wọ́n to ìdí márùn-ún síbẹ̀ fún un láti mú. Ó wọ́n jù. Mi ò lò ó tó. Mo ti rí òmíràn. Kò lọ síbì kankan, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú márààrún. Ẹni tó gbàgbé, wọ́n ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí ìfẹ́. Ẹni tó fẹ́ sanwó tí ọ̀nà dí mọ́, wọ́n ka tirẹ̀ sí ìkọ̀sílẹ̀.

Òfin ń gbìyànjú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, FTC gbé ìlànà kan jáde pé jíjáde gbọ́dọ̀ rọrùn bí wíwọlé. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan fagi lé e kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní FTC kò tẹ̀lé ètò bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Amazon gbà láti san $2.5 bílíọ̀nù lórí ẹjọ́ Prime, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Lára ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé bọ́tìnnì ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn gbangba. Kò gbọ́dọ̀ sí èyí tí ènìyàn yóò ní láti tẹ̀ tó ń sọ pé rárá, òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé ọjà wá fún òun lọ́fẹ̀ẹ́.

$1.5 bílíọ̀nù nínú owó náà jẹ́ ti àwọn oníbàárà. Àwọn kan ní láti kọ̀wé béèrè kí wọ́n tó rí tiwọn gbà. Ṣùgbọ́n ìpín àkọ́kọ́ kò ní láti béèrè ohunkóhun. Títí dé $51 ni owó wọn, àdéhùn náà sì ni pé kó wá bá wọn fúnra rẹ̀ bí wọ́n ti dákẹ́ yẹn. Àwọn tó gba ojú ewé ìwọlé tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ wọlé ni, tí wọn kò sì lo àǹfààní Prime ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín oṣù méjìlá. Láti mọ̀ wọ́n, wọn kò nílò ju kí wọ́n ṣí ìwé tó ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà tipẹ́: orúkọ ẹni tó wọlé, iye tó ń san, àti bó ṣe jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò kàn sí ẹni tí wọ́n ní kó ya ojú ewé tí yóò bi í léèrè.